Ọjọ́ Mélòó ni Ìrànwọ́ Máa Fi Dé? Ọ̀rọ̀ Lórí Iye Ọmọ Ogun Tó Yẹ Kó Wà ní Ilẹ̀ Òkèèrè

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ ogun ni mo gbé wá, ṣùgbọ́n ìṣirò ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ bá mi kà á.

Ní alẹ́ ọjọ́ 1 oṣù kẹrin ọdún 1982, sójà Gẹ̀ẹ́sì tó wà ní Stanley, olú ìlú erékùṣù Falkland, ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso ní gúúsù Àtìláńtíìkì, tí Ajẹntínà náà ní òun ló ni ín, kò tó 80. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, wọ́n ti pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Nǹkan bí 40 ni wọ́n máa ń jẹ́. Àwọn tó fẹ́ gbapò ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni, àwọn tí wọ́n fẹ́ gbapò wọn kò sì tíì kó ẹrù wọn tán. Àkókò ló bọ́ síra tó fi èèyàn kún wọn, kò sí ẹni tó pa á láṣẹ. Gómìnà Rex Hunt pe àwọn ọ̀gá wọn jọ, ó ní ọkọ̀ ogun Ajẹntínà ń bọ̀, ilẹ̀ kò ní mọ́ tán kí wọ́n tó dé. Báráàkì tó wà ní Moody Brook ni àwọn kọ̀mándò Ajẹntínà kọ́kọ́ já wọ̀ nínú òkùnkùn. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀, àwọn sójà náà ti jáde lọ sí ibi tí wọ́n fẹ́ gbé jà. Wọ́n jà yí ilé gómìnà ká fún wákàtí díẹ̀. Nígbà tó fi máa tó nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀, gómìnà ní kí wọ́n kó ìbọn sílẹ̀. Kò sí Gẹ̀ẹ́sì kankan tó kú lọ́jọ́ náà. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó gba erékùṣù yẹn padà ní ọjọ́ 14 oṣù kẹfà, ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì 255 ti kú, ti Ajẹntínà 649, àti obìnrin 3 nínú àwọn ará ìlú.

Ìbéèrè tó ń jẹ mí lọ́kàn láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé, ta ló ní kí wọ́n jẹ́ 40? Kí ni wọ́n rò pé èèyàn 40 máa ṣe? Bó bá jẹ́ olè ni wọ́n ń ṣọ́, 40 ti pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ orílẹ̀-èdè tó ní ọkọ̀ ogun, tó ní ọkọ̀ tó ń gbé bàálù, tó ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún sójà ni wọ́n ń dè lọ́nà, 40 kò tó ohun tí à ń fẹnu kàn. Mo ti wá rí i pé lọ́pọ̀ ìgbà, iye ọmọ ogun tó wà ní òkèèrè kì í ṣe ohun tí ẹnì kan jókòó pinnu. Iye tó ṣẹ́kù lẹ́yìn tí àwọn oníṣúná ti gé e, tí wọ́n tún gé e, ni. Kò wá sí ẹni tó máa dìde béèrè pé iṣẹ́ wo ni èyí tó ṣẹ́kù yìí lè ṣe.

Àwọn àgbà ní ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ wò ó dáadáa, arọ gan-an ni ẹgbẹ́ ọmọ ogun tí a bá fi sílẹ̀ sí òkè òkun. Kò lè sá, torí omi ló yí i ká, tàbí ilẹ̀ onílẹ̀. Kò lè di ńlá lóru ọjọ́ kan. Ohun tó lè yọ ọ́ ni kó tètè gbọ́ pé ogun ń bọ̀, kí ẹni tó máa wá gbé e má sì jìnnà débi tí ogun á fi ṣáájú rẹ̀ dé. Nítorí náà, bí wọ́n bá bi mí pé sójà mélòó ló yẹ kó wà níbì kan, ìbéèrè ni mo fi ń dá wọn lóhùn: ọjọ́ mélòó ni ìrànwọ́ máa fi dé? Iye ọjọ́ yẹn ni mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ kọ sórí ìwé. Iye èèyàn á wá tẹ̀ lé e.

Ẹ jẹ́ ká fi Falkland ṣe é. Erékùṣù náà jìnnà sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó nǹkan bí 13,000 kìlómítà. Ní 1982, pápá bàálù Stanley kúrú, bàálù ńlá tó ń ti Gẹ̀ẹ́sì bọ̀ kò lè balẹ̀ síbẹ̀. Ọ̀nà omi nìkan ló kù. Àwọn ọkọ̀ ogun kúrò ní Portsmouth ní ọjọ́ 5 oṣù kẹrin, ọjọ́ mẹ́ta péré lẹ́yìn tí Ajẹntínà wọlé, èyí tó yá ju bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe lérò lọ. Síbẹ̀, ó di ọjọ́ 21 oṣù karùn-ún kí sójà tó pọ̀ tó fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ ní San Carlos. Ẹ kà á láti ọjọ́ tí Ajẹntínà wọlé: ọjọ́ 49. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ dúró títí ìrànwọ́ á fi dé ní láti jà fún ọ̀sẹ̀ méje gbáko, kí ọta tuntun má wá, kí oúnjẹ tuntun má wá, kí dókítà tó bá kú má rí arọ́pò. Lójú tèmi, irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún, pẹ̀lú àgbá àti bàálù ogun tirẹ̀, lórí erékùṣù tí gbogbo olùgbé rẹ̀ nígbà náà kò tó 2,000. Sójà á pọ̀ ju onílé lọ. Mi ò mọ ìjọba tó máa sanwó irú ìyẹn títí lọ.

Ohun tí wọ́n ṣe lẹ́yìn ogun náà ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí, torí òun ni mo fi ń kọ́ ara mi lẹ́kọ̀ọ́ nínú ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n kọ́ pápá bàálù tuntun sí Mount Pleasant, wọ́n sì ṣí i ní oṣù karùn-ún ọdún 1985. Ojú ọ̀nà rẹ̀ gùn ju 2,500 mítà lọ, bàálù ńlá tó ń kó èrò lè balẹ̀ síbẹ̀. Láti ìgbà náà, bàálù tó bá gbéra ní Brize Norton, pápá bàálù ológun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó yà mu epo lójú ọ̀nà, lè dé Mount Pleasant kí wákàtí 24 tó pé. Ọjọ́ 49 di ọjọ́ kan. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún sójà tó kún erékùṣù náà fọ́fọ́ lẹ́yìn ogun wá lè máa dín kù, torí iṣẹ́ tó wà lọ́rùn wọn ti yí padà. Wọn ò ní láti di gbogbo erékùṣù náà mú fún ọ̀sẹ̀ méje mọ́. Ojú ọ̀nà bàálù yẹn ni kí wọ́n má jẹ́ kó bọ́ sọ́wọ́ ọ̀tá fún ọjọ́ díẹ̀, kí àwọn tó ń bọ̀ lè rí ibi balẹ̀ sí. Kọnkéré àti ọ̀dà ló ṣe iṣẹ́ tó yẹ kí sójà tí kò lóǹkà máa ṣe.

Bí ẹ bá wo ohun tó wà níbẹ̀ lónìí, èèyàn tó lé díẹ̀ ní 1,000, ẹ ó rí i pé ohun kan náà ni gbogbo rẹ̀ ń dúró tì. Rédà wà lórí òkè mẹ́ta, Mount Alice, Byron Heights àti Mount Kent. Àwọn ni etí arọ. Sójà ẹlẹ́sẹ̀ wà níbẹ̀, ohun ìjà tó ń já bàálù ọ̀tá wálẹ̀ wà, ọkọ̀ ogun kékeré kan ń rìn yí erékùṣù náà ká. Bàálù ogun Typhoon 4 sì ti wà níbẹ̀ láti 2009. Kí ló dé tó fi jẹ́ 4? Bí èmi ṣe ń rò ó rèé. Bàálù ogun kì í sábà dá lọ sójú ogun, méjì méjì ni wọ́n ń lọ, kí ọ̀kan máa wo ẹ̀yìn èkejì. Nígbàkigbà tí ẹ bá débẹ̀, ọ̀kan á wà lábẹ́ àtúnṣe, tí wọ́n ti tú inú rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Òmíràn gbọ́dọ̀ wà tó máa rọ́pò bí ọ̀kan nínú méjì àkọ́kọ́ bá kọ̀ tí kò gbéra. Ó di 4. Oníṣúná tó bá ní kí wọ́n yọ ọ̀kan á rò pé ìdá mẹ́rin owó lòun fi pamọ́. Ohun tó yọ kúrò ni ìdánilójú pé méjì á lè fò lálẹ́ tí ọ̀ràn bá ṣẹlẹ̀. Iye ọmọ ogun ní ibì kan tí bí o bá gé e kọjá ibẹ̀, kò dín kù mọ́, ó já ni. Ẹni tó ń gé e ní láti mọ ibi tí ibẹ̀ wà.

Mo fẹ́ kí ẹ fojú inú wo awakọ̀ òfurufú tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ìdúró-sẹpẹ́. Kò bọ́ aṣọ ìfò rẹ̀, bàtà rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀. Kò sùn jìnnà sí ibi tí bàálù rẹ̀ wà. Bí agogo bá dún, ó ti ń sáré kó tó mọ̀ pé òun ti jí, àwọn oníṣẹ́ ẹ̀rọ sì ti ń yọ píìnì ààbò lára ohun ìjà tó wà lábẹ́ apá bàálù. Ìṣẹ́jú díẹ̀, ó ti lọ sókè. Ó dára láti wò. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Èèyàn ní láti sùn, kó jẹun, kó ṣàìsàn nígbà míì, nítorí náà awakọ̀ méjì tó ń dúró tọ̀sán tòru ń béèrè awakọ̀ bíi mẹ́fà. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà, ní ọ̀wọ́ mẹ́ta. Ẹni tó ń wo rédà ń bẹ, ẹni tó ń wo ojú ọjọ́, panápaná, ẹni tó ń gbá yìnyín kúrò lójú ọ̀nà, ẹni tó ń ṣọ́ epo, dókítà, alásè. Bí ẹ bá gbọ́ pé sójà 1,000 wà níbì kan, ẹ má rò pé 1,000 ló máa gbé ìbọn dúró lójú ogun. Bí mo bá ń ka ìwé ìròyìn, tí mo rí i pé wọ́n fẹ́ yọ àwọn alásè àti oníṣẹ́ ẹ̀rọ kí wọ́n lè sọ pé àwọn ò yọ jagunjagun kankan, ọkàn mi máa ń bàjẹ́.

Ọ̀rọ̀ Singapore wá ń dùn mí ju gbogbo rẹ̀ lọ, torí àwọn tó ṣètò rẹ̀ béèrè ìbéèrè tó tọ́. Láàárín ogun àgbáyé kìíní àti ìkejì, èrò Gẹ̀ẹ́sì ni pé kò pọn dandan kí ọkọ̀ ogun ńlá jókòó sí Singapore. Wọ́n kọ́ èbúté ológun ńlá síbẹ̀, wọ́n ṣí i ní oṣù kejì ọdún 1938. Bí Jàpáànù bá gbé ogun dé, ọkọ̀ á gbéra láti Yúróòpù, ẹgbẹ́ tó wà nílẹ̀ á di èbúté mú títí wọn á fi dé. Wọ́n kọ iye ọjọ́ sílẹ̀ lóòótọ́. Ọjọ́ 42 ni níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, wọ́n sọ ọ́ di 70. Nígbà tí ogun bẹ́ ní Yúróòpù ní 1939, ó di 180. Ìrànwọ́ ń jìnnà sí i lọ́dọọdún, ṣùgbọ́n agbára àwọn tó ń dúró dè é kò gòkè ní ìwọ̀n kan náà. Wọ́n la pápá bàálù káàkiri Malaya, ilẹ̀ tó wà ní àríwá Singapore, ṣùgbọ́n bàálù tó dáa tó máa wà nínú wọn kò sí. Sójà ẹlẹ́sẹ̀ wá ní láti fọ́n ká máa ṣọ́ pápá tó ṣófo. Wọn ò ní tánkì, àwọn tó ń bọ̀ wá bá wọn ní.

Jàpáànù gúnlẹ̀ sí Kota Bharu ní Malaya ní ọjọ́ 8 oṣù kejìlá ọdún 1941. Ọkọ̀ ogun ńlá 2 péré, Prince of Wales àti Repulse, ló ti dé Singapore, láìsí bàálù tó máa bò wọ́n lórí. Ní ọjọ́ 10, bàálù Jàpáànù rì wọ́n lọ́jọ́ kan náà. Ọ̀gágun Percival, olórí ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀, túúbá ní ọjọ́ 15 oṣù kejì ọdún 1942. Ẹ bá mi fi ìka kà á láti ọjọ́ 8 oṣù kejìlá yẹn: ọjọ́ 70. Iye tí ìwé wọn ní kí wọ́n dúró nígbà kan rí náà ni wọ́n dúró. Ọ̀wọ́ ọkọ̀ tí wọ́n ń retí kò wá. Nǹkan bí 80,000 ni Jàpáànù kó ní ìgbèkùn ní Singapore nìkan. Àwọn tó wà lábẹ́ Percival pọ̀ ju àwọn tó kọlù wọ́n lọ, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá ní ká sá fi èèyàn kún un, kó kọ́kọ́ wá bá mi sọ ti Singapore.

Ti Hong Kong, tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì nígbà náà, kúrú, ṣùgbọ́n ó korò. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1941, Churchill, olórí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, fúnra rẹ̀ kọ̀wé pé kò sí ọ̀nà tí wọ́n fi lè di Hong Kong mú tàbí gbà á sílẹ̀ bí Jàpáànù bá kọlù ú. Kí ọdún yẹn tó parí, wọ́n yí èrò padà, wọ́n ní bí ẹgbẹ́ díẹ̀ bá kún un, Jàpáànù á rí i pé ọ̀rọ̀ náà ká àwọn lára. Kánádà fún wọn ní 1,975 èèyàn. Ìjọba Kánádà alára ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àwọn ẹgbẹ́ yẹn kò tíì tó ti ojú ogun. Wọ́n gúnlẹ̀ ní ọjọ́ 16 oṣù kọkànlá. Mọ́tò wọn, tó lé ní 200, wà nínú ọkọ̀ ojú omi míì, ọkọ̀ yẹn kò dé Hong Kong láéláé, wọ́n darí rẹ̀ sí Manila. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn tí wọ́n dé, ogun wọlé. Wọ́n jà fún ọjọ́ 18, wọ́n fi ẹsẹ̀ ara wọn rìn lórí òkè gíga, wọ́n túúbá ní ọjọ́ Kérésìmesì. Ó ju 550 nínú wọn lọ tí kò padà sílé, nígbà tí a bá ka àwọn tó kú ní àtìmọ́lé mọ́ ọn. Mo ti gbìyànjú láti rí ohun tí 1,975 yẹn lè yí padà, mi ò rí i. Wọ́n kéré jù fún ìjà. Wọ́n sì pọ̀ jù fún òfò.

Mo ti sọ̀rọ̀ iye púpọ̀, ẹ jẹ́ kí n bọ́ sórí ìgbáradì, torí orí ìwé ni iye máa ń dára sí jù. Ní 1950, dífísàn mẹ́rin ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ìyẹn ẹgbẹ́ ńlá tó ń ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún sójà, ló wà ní Jàpáànù. Ẹni tó bá kà á lórí ìwé á ní ogun tó wà nítòsí Kòríà ti tó. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìṣàkóso ìlú ni àwọn sójà yẹn ń ṣe láti 1945. Wọ́n ti gé ẹgbẹ́ wọn: ibi tó yẹ kí bàtálíọ̀nù (ẹgbẹ́ sójà ọgọ́rọ̀ọ̀rún) mẹ́ta wà, méjì ló wà. Kòríà Àríwá ré kọjá ààlà wọ Kòríà Gúúsù ní ọjọ́ 25 oṣù kẹfà. Àwọn tí Amẹ́ríkà kọ́kọ́ rán lọ pàdé wọn jẹ́ nǹkan bí 540, lábẹ́ ọ̀gágun Charles Smith. Àárọ̀ ọjọ́ 5 oṣù keje ni, nítòsí Osan, òjò ń rọ̀. Tánkì T-34 tó lé ní 30 yọ lójú títì. Àgbá ńlá tí wọ́n gbé wá ní ọta 6 péré tó lè lu irin tánkì. Ọ̀gá kékeré kan wọ inú kòtò ẹ̀bá ọ̀nà, ó jẹ́ kí tánkì kọjá, ó sì ta rọ́kẹ́ẹ̀tì 22 sí ẹ̀yìn wọn níbi tó sún mọ́ra tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè tàsé. Tánkì ń lọ ní tiwọn. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ ti kéré fún irú irin bẹ́ẹ̀. Nǹkan bí 150 ni wọ́n pàdánù nínú 540 yẹn, àwọn tó kú, àwọn tó fara gbọgbẹ́ àti àwọn tí a kò rí mọ́.

Ọmọkùnrin tó wà nínú kòtò yẹn kò ṣojo. Ó wà níbẹ̀, ó tètè dé, ó yinbọn. Ohun tí wọ́n kó lé e lọ́wọ́ ni kò tó iṣẹ́. Bí wọ́n bá sọ fún mi pé ẹgbẹ́ kan wà ní sẹpẹ́, mo máa ń béèrè pé sẹpẹ́ fún kí ni, kí wọ́n sì fi ọta tó wà nínú àká hàn mí. Mélòó ló lè já tánkì? Mélòó ló ti gbó? Ìgbà wo ni wọ́n ta irú rẹ̀ kẹ́yìn níbi ìdánrawò?

Kòríà yẹn náà ló jẹ́ kí n mọ̀ pé iye lè di òrìṣà. Lónìí, 28,500 ni wọ́n ń pe iye sójà Amẹ́ríkà ní Kòríà Gúúsù. Wọ́n tó 37,500 kí ọdún 2004 tó dé, ìpinnu ni pé kí wọ́n já a sí 25,000, ṣùgbọ́n ní 2008 wọ́n dá a dúró sí 28,500. Láti ìgbà náà, nọ́ńbà yẹn ti di ọ̀rọ̀ láàárín ìlú méjèèjì, ilé aṣòfin Amẹ́ríkà ti kọ ọ́ sínú òfin ìnáwó ológun rí. Mo mọ ìdí rẹ̀: ẹni tí ọ̀tá ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ kò fẹ́ gbọ́ pé alábàárò rẹ̀ ń dín kù. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà lè dúró gangan kí ohun tó wà nínú rẹ̀ yí padà. Ní 2015, wọ́n mú bìrìgéèdì (ẹgbẹ́ tó kó bàtálíọ̀nù mélòó kan pọ̀) tó ń gbé ibẹ̀ títí kúrò, wọ́n sì ń fi bìrìgéèdì míì rọ́pò ara wọn ní oṣù mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án. Àwọn tó ń wá yìí máa ń ti ìdánrawò dé, ara wọn yá. Àwọn tó ń gbé ibẹ̀ mọ òkè, wọ́n mọ afárá tí tánkì lè gùn, wọ́n mọ ojú àwọn ọ̀gá Kòríà tí wọ́n jọ máa jà. Èwo ló sàn? Bí ìkìlọ̀ ogun bá máa jẹ́ wákàtí díẹ̀, èmi á mú ẹni tó mọ ọ̀nà.

Àwọn ẹgbẹ́ kan wà tí kò sí ẹni tó retí kí wọ́n borí. Ìwọ̀-oòrùn Berlin ni ti tẹ́lẹ̀. Sójà Amẹ́ríkà, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, gbogbo wọn bí 12,000, ló wà láàárín ilẹ̀ Jámánì Ìlà-Oòrùn. Okùn agogo ni wọ́n: bí ọ̀tá bá fọwọ́ kàn án, agogo á dún. Ẹni tó bá fẹ́ gba Berlin ní láti pa ọmọ orílẹ̀-èdè mẹ́ta, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sì dìde. Nígbà tí Jámánì Ìlà-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ sí í mọ odi yí i ká ní oṣù kẹjọ ọdún 1961, Kennedy, ààrẹ Amẹ́ríkà, fi nǹkan bí 1,500 kún wọn, títì ni wọ́n gbà wọlé, Johnson tó jẹ́ igbákejì ààrẹ sì dúró níbẹ̀ gbà wọ́n. Gẹ́gẹ́ bí agbára ogun, 1,500 yẹn kò jẹ́ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n àwọn ará Berlin dà síta, wọ́n ń sunkún, wọ́n ń ju òdòdó.

Èèyàn 40 tó wà ní Stanley, okùn agogo ni wọ́n fẹ́ kí wọ́n jẹ́ náà. Àmọ́ ta ni agogo yẹn máa jí? Ní 1981, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì kéde pé àwọn máa mú ọkọ̀ Endurance kúrò ní gúúsù Àtìláńtíìkì, ọkọ̀ kan ṣoṣo tí wọ́n ní níbẹ̀. Ọkọ̀ yẹn kò lè dá Ajẹntínà dúró, ṣùgbọ́n àwọn aláṣẹ Ajẹntínà ní Buenos Aires gbọ́ ìkéde náà, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ bó ṣe wù wọ́n. Ní 1977, nígbà tí ara fu ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ti rán ọkọ̀ abẹ́ omi kan àti ọkọ̀ ogun 2 lọ sí agbègbè yẹn, wọ́n sì ṣe é ní bòókẹ́lẹ́. Ìgbìmọ̀ Franks tó ṣèwádìí lẹ́yìn ogun kò rí ẹ̀rí kankan pé Ajẹntínà mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Agbára tí wọ́n rán, wọ́n fi pamọ́. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ dín agbára kù, wọ́n kígbe rẹ̀.

Lórí owó, mi ò ní pẹ́. Ẹgbẹ́ kan tó bá wà lókèèrè, méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀ nílé: ọ̀kan ń múra láti lọ, èkejì ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, ó ń sinmi, ó ń tún irinṣẹ́ ṣe. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ 1,000 sí òkèèrè títí lọ, 3,000 ló ń béèrè. Bí ọmọ ogun rẹ̀ kò bá tó bẹ́ẹ̀, á máa rán àwọn kan náà lọ léraléra títí ilé wọn á fi dàrú, wọn á sì fi iṣẹ́ sílẹ̀.

Èyí tó ń lọ lọ́wọ́ báyìí ni ti Jámánì ní Lithuania. Láti 2017, ẹgbẹ́ NATO tó jẹ́ bàtálíọ̀nù kan, tí Jámánì ṣe olórí rẹ̀, ló wà níbẹ̀, okùn agogo ni. Lẹ́yìn tí Rọ́ṣíà ya wọ Ukraine ní 2022, àwọn ará Lithuania ní agogo kò tó mọ́. Jámánì gbà láti kó bìrìgéèdì kan lọ máa gbé ibẹ̀ títí, nǹkan bí 4,800 sójà àti 200 òṣìṣẹ́ tí kì í ṣe ológun, kí ó pé ní 2027. Wọ́n ṣe ayẹyẹ ìdásílẹ̀ rẹ̀ ní Vilnius ní oṣù karùn-ún ọdún 2025. Ó wú mi lórí pé ìdílé wà nínú ètò náà, pé wọ́n ń ronú nípa ilé ìwé fún ọmọ sójà. Ẹni tó kó ọmọ rẹ̀ dání kì í ṣe àlejò. Síbẹ̀, ilẹ̀ tóóró kan láàárín Poland àti Lithuania ni ọ̀nà ilẹ̀ tí ìrànwọ́ lè gbà, Belarus wà lọ́wọ́ kan, ilẹ̀ Rọ́ṣíà ti Kaliningrad wà lọ́wọ́ kejì. Bí ọ̀nà yẹn bá dí, ọjọ́ mélòó?

Nígbà tí mo sọ̀rọ̀ dé ibí, ìyá kan dìde. Ó ní, "Ẹ ti sọ ti okùn agogo. Ṣé wọ́n máa ń sọ fún àwọn ọmọ yẹn pé okùn ni wọ́n?" Mo dá a lóhùn pé, "Ẹ̀yin ìyá mi, ó yẹ kí wọ́n sọ fún wọn." Mo rò pé àwọn tó wà ní Berlin mọ̀, ẹni tó bá wo àwòrán ilẹ̀ lára ògiri báráàkì á mọ̀. Àwọn ọmọ Kánádà tó gúnlẹ̀ sí Hong Kong ní oṣù kọkànlá ọdún 1941 kò mọ̀. Ọ̀pọ̀ wọn rò pé iṣẹ́ ìṣọ́ ìlú ni wọ́n bá wá, wọ́n sì ń bi ara wọn léèrè ní èbúté ìgbà tí mọ́tò wọn máa dé.